Wọ́n ti fún àbúrò mi ní béèlì, àmọ́ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ṣì wà. Ẹ gbà mí o (Ìkòròdú)

Abẹ̀kẹ́_Ògólóńtò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi, orí mi ti dàrú.

Àbúrò mi ọkùnrin ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Àgric sí Garage. Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ bàbá kan pé òun yóò máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di ti òun. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n jí i gbé níwájú ilé. Ó sáré lọ sọ fún ẹni tó ni í, onítọ̀hún ní irọ́ ni, ó ti tà á ni. Ọjọ́ Ẹtì ni ọlọ́pàá wá mú un.

Ní tésàn, wọ́n ní ká mú owó béèlì wá. A san, kò sí rìsíìtì, wọn ò sì tú u sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì. Wọ́n fi ẹ̀sùn olè jíjà kàn án, ó ní òun ò jẹ̀bi. Adájọ́ fún un ní béèlì 500,000 náírà pẹ̀lú onídùúró méjì, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kí wọ́n sì ní ìwé owó-orí ọdún mẹ́ta. Ni wọ́n bá gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí a ó fi rí gbogbo ẹ̀ ṣe.

Mo ti bá màámi sọ ọ́ pé kí wọ́n ta fìríìsà tí wọ́n fi ń ta omi tútù, kí èmi náà kó àjọ mi. Ó ṣì ku owó. Ṣé bí a bá san 500,000 náà tán, ẹjọ́ ti parí nìyẹn?

Ọmọ_Ìjẹ̀dé

Sista, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì ta nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dá sí i ná.

Akọ̀wéKóòtù_Àná

Abẹ̀kẹ́, ọmọ mi, iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, ìwé béèlì tó gba ọwọ́ mi kọjá kò níye. Ẹ fi fìríìsà ìyá yín sílẹ̀.

500,000 yẹn, ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ kó o wá. Àdéhùn ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí àbúrò yín bá sá lọ, àwọn tó dúró fún un ni yóò san iye yẹn fún ìjọba. Bó bá ń yọjú sí kóòtù ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá, kọ́bọ̀ kò ní kúrò lápò ẹnì kankan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè iṣẹ́, àdírẹ́sì àti owó-orí lọ́wọ́ onídùúró: wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọ́n á ti rí i mú bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́.

Lóòótọ́, adájọ́ mìíràn a máa ní kí wọ́n fi owó gidi sílẹ̀ lọ́dọ̀ kóòtù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò wà nínú ìwé àṣẹ, ẹ ó gba rìsíìtì, wọn yóò sì dá owó náà padà bí ẹjọ́ bá parí. Nítorí náà, ẹ lọ sí kóòtù lọ́la, ẹ tọrọ ẹ̀dà àṣẹ béèlì náà, kí ẹ fi ojú ara yín kà á. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń ta ẹrù, ẹnu ẹnì kan lábẹ́ igi níwájú kóòtù ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n rò pé adájọ́ wí.

Béèlì ò sì parí ẹjọ́ o. Ilé ni yóò ti máa wá jẹ́jọ́.

Abẹ̀kẹ́_Ògólóńtò

Yéè! Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kò ní ráhùn ọmọ. Ọkùnrin kan tó wọ súùtù dúdú níwájú kóòtù ló sọ fún wa pé ká kó 500,000 wá, ká fi 80,000 tirẹ̀ lé e. Ó ní òun ní onídùúró méjì nílẹ̀, pé ká má yọ ara wa lẹ́nu.

Ìyálájé_Sábó

Àwọn “charge and bail” nìyẹn, àwọn lọ́yà tó ń wá oníbàárà kiri níwájú kóòtù! Wọ́n ń wo ojú ẹni tó ń sunkún ni, òun ni wọ́n máa ń lọ bá. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, onídùúró tí wọ́n háyà fún wa, àdírẹ́sì tó kọ sílẹ̀, ilé alápàtà ni. Nígbà tí kóòtù rán èèyàn lọ wò ó, wọ́n fagi lé béèlì, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́yà yẹn ò sì gbé fóònù mọ́.

Lọ́yà_Ẹ̀bútẹ̀

Abẹ̀kẹ́, ẹ sá fún ọkùnrin yẹn. Èyí tí kì í bá tilẹ̀ ṣe lọ́yà rárá wà láàárín wọn. Lọ́yà gidi ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ní Supreme Court àti òǹtẹ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé tó bá kọ. Ẹ ní kó fi hàn yín kí ẹ tó fún un ní náírà. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni ká háyà onídùúró tó fi irọ́ búra. Àbúrò yín ni yóò jìyà ẹ̀, torí adájọ́ tí wọ́n bá ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kò ní fi ojú àánú wo ìwé kejì.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe rèé. Bí owó lọ́yà ò bá sí, Ọ́fíìsì Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó, OPD, wà láti ọdún 2000, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba ẹjọ́ tálákà rò. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà wà. Ẹ mú orúkọ àbúrò yín, nọ́ńbà ẹ̀sùn tó wà lórí ìwé kóòtù, àti ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí lọ́wọ́ lọ bá wọn.

Lẹ́yìn náà, lọ́yà lè kọ̀wé padà sí májísíréètì kan náà pé àdéhùn béèlì yìí le jù fún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, kó dín in kù. Bí májísíréètì bá kọ̀, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga lágbára láti dín in kù. Òfin sọ pé béèlì ò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kí wọ́n wo ipò ẹni tí wọ́n ń fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ọgbà báyìí, wọ́n ti fún wọn ní béèlì. Kò kàn sí ẹni tó padà lọ sọ fún adájọ́ pé apá wọn ò ká a ni.

Tọ́lá_Ìmọ́tà

Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ má bínú o, mo ní ìbéèrè. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé, ṣé ó bófin mu? Mo gbọ́ pé wákàtí mẹ́rìnlélógún ni.

Lọ́yà_Ẹ̀bútẹ̀

Abala 35 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ni. Bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. Ìkòròdú ní kóòtù májísíréètì àti ilé-ẹjọ́ gíga, nítorí náà ọjọ́ kan ni tiwa.

Ẹjọ́ “kóòtù ò jókòó lọ́jọ́ Sátidé” tí wọ́n máa ń rò yẹn, tésàn fúnra ẹ̀ lágbára láti fún un ní béèlì lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Olè jíjà kì í ṣe ẹ̀sùn ikú. Abala yẹn kan náà ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n mú, láàárín wákàtí 24, lédè tó gbọ́, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú un. Ó tún ní ó lè dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Ní Èkó pàápàá, bí ẹnì kan bá fẹ́ jẹ́wọ́ ní tésàn, òfin ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n ya fídíò rẹ̀, tàbí kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀ bó ti ń kọ ọ́. Abẹ̀kẹ́, ẹ bi àbúrò yín bóyá ó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ó ṣe pàtàkì.

Sàmú_Ìgbógbó

Béèlì tésàn ọ̀fẹ́ ni, àbí? Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lóru ọjọ́ Ẹtì kí ẹ wò ó bóyá wọn ò ní bi yín pé “ṣé ìwọ ni lọ́yà rẹ̀?”

Akọ̀wéKóòtù_Àná

Sàmú, òótọ́ lo sọ, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí Abẹ̀kẹ́ mọ̀ ni pé owó tí wọ́n san ní tésàn kò dé kóòtù. Kò sí nínú fáìlì, adájọ́ ò mọ̀ pé ó wà. Èèyàn a ní “a ti sanwó béèlì tẹ́lẹ̀ o” nínú kóòtù, adájọ́ á bi ọlọ́pàá, ọlọ́pàá á ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ kọ ọjọ́, iye, àti orúkọ tó wà láyà ẹni tó gbà á sílẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé, kí lọ́yà bá yín gbé e lọ sí ẹ̀ka tí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀hónú aráàlú. Ẹ gba àbúrò yín jáde ná.

Baba_Onímárúwá

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, kí ẹ má bínú. Èmi náà ní kẹ̀kẹ́ tí mo máa ń gbé fún àwọn tó ń wà á. Ẹnì kan gbé kẹ̀kẹ́ tuntun mi sá lọ. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi wá a dé Ṣágámù, ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e dé kóòtù, kóòtù fún un ní béèlì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án. Onídùúró rẹ̀? Ilé ìjẹun ló fi ṣe àdírẹ́sì. Owó banki tí mo fi ra kẹ̀kẹ́, mo ṣì ń san án. Gbogbo yín ń káàánú ẹni tó wà ní àtìmọ́lé. Ta ló káàánú ẹni tí ó pàdánù?

Ìyálájé_Sábó

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ a ò tíì mọ̀ bóyá ti àbúrò Abẹ̀kẹ́ rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà_Ẹ̀bútẹ̀

Baba Onímárúwá, ẹjọ́ yín kò kú o. Ẹ lọ bá ọlọ́pàá olùpẹ̀jọ́ tó mú ẹjọ́ náà lọ́wọ́ pé kó ní kí kóòtù pàṣẹ ìmúni tuntun, kí wọ́n sì pe àwọn onídùúró wá wí tẹnu wọn, ìdí tí wọn ò fi ní san owó tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí wọn ò bá san án, kóòtù lè ta dúkìá wọn, ó sì lè rán wọn lẹ́wọ̀n. Bí kò bá sẹ́ni tó ń béèrè, fáìlì á kàn sùn síbẹ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, aláìṣẹ̀ ni títí kóòtù yóò fi sọ pé ó jẹ̀bi. Abala 36 ló wí bẹ́ẹ̀. Àwa ará Ìkòròdú kọ́ ló yẹ ká máa ṣàlàyé èyí fún. Ní oṣù keje ọdún 2017, nígbà tí ọ̀rọ̀ Badoo, àwọn apànìyàn tó ń ya wọ ilé onílé lóru, gbalé gboko, àwọn èèyàn lu àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ pa ní apá Odógùnyàn, wọ́n dáná sun wọ́n, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Òde eré ni àwọn yẹn ti ń bọ̀. Kóòtù lọ́ra, ó ń bíni nínú, àmọ́ kò tíì dáná sun ẹnì kankan.

Nípa ti gbèsè: bó bá jẹ́ pé owó ọ̀sẹ̀ ni àbúrò náà kò san, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kọ́ nìyẹn rárá. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn tìtorí àdéhùn owó tó bà jẹ́. Ilé Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba Èkó ló ń parí irú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ní ó tà á ni. Ẹ̀sùn olè nìyẹn, ọlọ́pàá lẹ́tọ̀ọ́ láti wádìí rẹ̀.

Baba_Onímárúwá

Mo gbọ́. Màá lọ bá olùpẹ̀jọ́ náà. Àmọ́ kí Abẹ̀kẹ́ bá àbúrò ẹ̀ sọ ọ́ o: bó bá jáde, kó máa yọjú.

Bayékù_Boy

Èmi ti ṣe AT rí, “awaiting trial” ni wọ́n ń pè wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí lọ́yà ò ní sọ.

Ìkòròdú kò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Márùn-ún ló wà ní Èkó: mẹ́ta ní Kirikiri, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti obìnrin, ọ̀kan ní Ìkòyí, ọ̀kan ní Badagry. Nítorí náà, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti máa gbé e wá lọ́jọ́ ẹjọ́. Níbi tí èmi wà, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n fi ń jí wa láti wọ Black Maria, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹlẹ́wọ̀n, torí gosúlóò Ketu sí Mile 12. Ọjọ́ mìíràn, ọkọ̀ bà jẹ́, tàbí epo ò sí. Kóòtù á pe orúkọ ẹ, ìwọ ò sí níbẹ̀, wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú. Ìwọ nínú sẹ́ẹ̀lì ò tilẹ̀ ní mọ ọjọ́ tí wọ́n sún un sí. Abẹ̀kẹ́, ẹ máa lọ sí kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, bí wọ́n gbé e wá bí wọn ò gbé e wá, kí ẹ kọ ọjọ́ tuntun sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ fún un.

AT kì í wọ aṣọ ẹ̀wọ̀n, aṣọ ilé ló ń wọ̀. Ẹ mú aṣọ, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti oògùn rẹ̀ bó bá ń lo oògùn, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání. Ẹnì kan nínú sẹ́ẹ̀lì wa, ẹ̀sùn ìjà ní ọjà ni wọ́n fi kàn án, ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó ti gbàgbé orúkọ adájọ́ rẹ̀. Béèlì rẹ̀ wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, onídùúró ni kò sí. Ẹjọ́ tèmi, wọ́n fagi lé e nígbẹ̀yìn torí ẹlẹ́rìí ò yọjú rí.

Wọ́n yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà ní 2019, wọ́n ní “correctional” ni báyìí. Wọ́dà ṣì ni wọ́dà.

Akọ̀wéKóòtù_Àná

Òfin 2019 yẹn fún ọ̀gá ọgbà láṣẹ láti kọ̀ pé òun ò gba èèyàn mọ́ bí ibẹ̀ bá ti kún. Bákan náà, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ lè wọ inú ọgbà lọ kó tú àwọn tó ti pẹ́ jù láìsí ẹjọ́ sílẹ̀, òfin kan láti 1977 ló fún un lágbára náà. Adájọ́ Alogba, adájọ́ àgbà Èkó, ṣe é ní 2020 lásìkò Kòrónà. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣe ìrètí o.

Tọ́lá_Ìmọ́tà

Ẹ̀sùn ìpànìyàn ńkọ́? Ọ̀rẹ́ wa kan wà níbẹ̀, wọ́n ní májísíréètì kọ̀ láti fún un ní béèlì.

Lọ́yà_Ẹ̀bútẹ̀

Májísíréètì ò kọ̀, kò lágbára rẹ̀ ni. Ẹ̀sùn tó lè yọrí sí ikú, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè fún un ní béèlì, ó sì gbọ́dọ̀ rí ìdí tó lágbára. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níwájú májísíréètì ni pé kí wọ́n fi í pamọ́ síbẹ̀ títí ọ́fíìsì DPP, ọ̀gá àwọn olùpẹ̀jọ́ ìjọba, yóò fi sọ bóyá ẹjọ́ wà tàbí kò sí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà máa lu ilẹ̀kùn DPP. Àìsàn lásán pàápàá kò tó: Mohammed Abacha gbé irú ẹ̀ dé Supreme Court ní 2002 lórí ẹ̀sùn ikú Kúdírátù Abíọ́lá, wọn ò fún un.

Abẹ̀kẹ́_Ògólóńtò

Ọlọ́run yóò san ẹ̀san rere fún yín. Mo ti gba ẹ̀dà àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, kò sí ibi tí wọ́n ti ní ká kó owó wá! OPD ti gba ìwé wa. Ẹ̀gbọ́n màámi obìnrin jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé ìjọba, wọ́n gbà láti dúró. Àmọ́ ẹnì kan ní kóòtù ò gba obìnrin, ẹlòmíràn sì ní bí ọmọ náà bá sá, àwọn ni yóò lọ ṣẹ̀wọ̀n olè fún un. Wọ́n ti fẹ́ yẹ̀.

Akọ̀wéKóòtù_Àná

Irọ́ ni méjèèjì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 kọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ kọ onídùúró torí pé obìnrin ni. Ọwọ́ mi ti gba ìwé obìnrin onídùúró rẹpẹtẹ, àwọn ló tilẹ̀ máa ń fa olùjẹ́jọ́ létí wá sí kóòtù. Onídùúró ò ṣẹ̀wọ̀n olè fún ẹnikẹ́ni. Owó tó fọwọ́ sí nìkan ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀; àfi bí kò bá san owó yẹn ni kóòtù fi lè rán an lẹ́wọ̀n, bí lọ́yà ti wí. Bí àyà wọn bá sì já lọ́nà, kí wọ́n rí i pé ọmọ náà ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sá, wọ́n lè wá sọ fún kóòtù pé àwọn ò ṣe mọ́, kóòtù á tú wọn sílẹ̀, wọ́n á sì ní kí ọmọ náà wá ẹlòmíràn.

Nípa ìwé owó-orí: ìwé kan ṣoṣo ni, ó kárí ọdún mẹ́ta. Tíṣà ìjọba, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó-orí rẹ̀. LIRS, ilé-iṣẹ́ owó-orí Ìpínlẹ̀ Èkó, ni kí wọ́n ti béèrè fún un.

Abẹ̀kẹ́_Ògólóńtò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lọ́yà OPD dúró, ó sọ ti kẹ̀kẹ́, ó sọ ti ìyá wa. Adájọ́ dín in sí 200,000, ó ní onídùúró kan lè jẹ́ oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n màámi àti bàbá tó ń ta símẹ́ńtì ní àdúgbò wa ló dúró. Wọ́n wá wo ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìtúsílẹ̀ dé ọgbà lẹ́yìn tí wọ́n ti ti géètì, nítorí náà ó tún sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ó ti délé! Ó rù, ṣùgbọ́n ó délé.

Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn ọmọ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ń dúró ní páàkì, wọ́n ní bí àwọn bá rí i, àwọn á fọ́ ọ lórí. Ẹ̀rù kóòtù wá ń bà á báyìí.

Lọ́yà_Ẹ̀bútẹ̀

Kó má lọ sí páàkì. Kó lọ sí kóòtù. Ẹ fi ìhàlẹ̀ náà tó lọ́yà yín létí, kó sọ ọ́ níwájú adájọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní tésàn. Bí ara rẹ̀ kò bá yá lọ́jọ́ ẹjọ́, ìwé dókítà gbọ́dọ̀ dé kóòtù ṣáájú rẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á pàṣẹ pé kí wọ́n mú un.

Lálẹ́ tí kẹ̀kẹ́ sọnù, ta ló rí i níbi tó gbé e sí? Ilé epo tàbí ṣọ́ọ̀bù kankan wà nítòsí tó ní kámẹ́rà? Ẹ tètè lọ tọrọ rẹ̀, kámẹ́rà wọn kì í tọ́jú àwòrán pẹ́.

Abẹ̀kẹ́_Ògólóńtò

Ilé ìjọsìn kan wà ní iwájú wa tó ní kámẹ́rà! Mi ò ronú sí i rárá. Màá lọ bá wọn lálẹ́ òní.

Baba_Onímárúwá

Abẹ̀kẹ́, fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnì kẹ̀kẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ àwọn tó ń ta pátì ní Mile 12, màá bá yín béèrè.